Ìkápá Ìwọ̀n Ìgbóná Nínú Ìkòkò Ọ̀sìn Kékeré: Ọ̀rọ̀ àti Ohun tí Ọ̀rọ̀ Dúró Fún

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń kọ́kọ́ dí olùtumọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá kan ìwé tí ó dá lórí bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń mú bakitéríà tàbí ìwúkàrà dàgbà nínú ẹ̀rọ: orúkọ ẹ̀dá náà, orúkọ ohun tí wọ́n fi ń sìn ín, àti orúkọ ohun tí tẹ̀mómítà ń wọ̀n. Méjì àkọ́kọ́ kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro. Bí olùtumọ̀ bá ṣì í níbẹ̀, gbogbo àlàyé tí ó tẹ̀lé e ni yóò dojú rú, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ka ìwé náà tán láìmọ ìdí tí ẹ̀rọ fi lè máa sọ pé nǹkan gbóná nígbà tí ohun tí ó wà nínú ìgò kò tí ì gbóná rárá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti yanjú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀ ń lò. Kò sí ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń bọ́ bakitéríà. Iṣẹ́ àdánwò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, ti fi hàn pé èdè náà kò sá fún irú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún kí wọ́n tó dá a.

Orúkọ ẹ̀dá náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é ní kòkòrò, àwọn mìíràn ń pè é ní kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n kòkòrò ni tata, kòkòrò ni ekòló. Ìwúkàrà tí ó ń mú ẹmu kan kì í sì í ṣe àrùn. Àwọn kan ti dábàá ẹ̀dá àìfojúrí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ bí ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbọ́ ọ, iwin àti ọ̀rọ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí, kì í ṣe ohun tí ń bẹ lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Ẹlẹ́mìí tíńtín ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò: ó ní ẹ̀mí, ó sì kéré, kò sì dá ẹ̀bi àrùn fún un.

Ní ti ohun èlò náà, tí àwọn kan ti ń pè ní báyóríákítọ̀, ìkòkò ọ̀sìn ni ó bá a mu jù. Ohun tí ènìyàn bá ń fún ní oúnjẹ, tí ó ń wá afẹ́fẹ́ àti ilé tí ó dára fún, tí ó sì ń retí èrè láti ara rẹ̀, ọ̀sìn ni Yorùbá ń pè é, ì báà jẹ́ ewúrẹ́, ì báà jẹ́ adìẹ. Ohun kan náà gan-an ni ìkòkò yìí ń ṣe fún ẹlẹ́mìí tíńtín. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ìgò lásán: ìgò kì í bójú tó ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ìkòkò ọ̀sìn tí ó kọ́kọ́ lókìkí tóbi púpọ̀. Lẹ́yìn tí Alexander Fleming ti kíyè sí iṣẹ́ pẹnisílíìnì ní 1928, nínú àgbá ràbàtà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe é lọ́pọ̀ yanturu nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1944 ilé-iṣẹ́ Pfizer ní Brooklyn ti ń lo àgbá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù. Àwọn kékeré ni ó wá gbòde lẹ́yìn náà. Ní 1951, Gyula Takátsy ní Họ́ńgárì gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sára pátákó kan kí ó lè ṣe àyẹ̀wò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àtọmọdọ́mọ pátákó náà, tí ó ní ihò 96, kò sì sí ní ilé àyẹ̀wò wo lónìí. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Boston ṣe àlàyé ẹ̀rọ eVOLVER, tí ìgò 16 wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n ìgbóná tirẹ̀. Ní 2020, àwọn ti Oxford gbé Chi.Bio jáde, wọ́n sì tẹ àwòrán bí a ti ń ṣe é fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àǹfààní ìkòkò kékeré kò lọ́ jù: oúnjẹ díẹ̀ ni ó ń jẹ, ibi tí ìkòkò ńlá kan bá sì gbà ni ogún kékeré yóò dúró sí, kí onímọ̀ lè yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi wọ́n wé ara wọn.

Fífi wọ́n wé ara wọn yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bí ìkòkò kẹta bá fi ìwọ̀n méjì péré gbóná ju ìkejì lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ohun tí onímọ̀ yóò kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oúnjẹ tuntun lè jẹ́ iṣẹ́ ìgbóná lásán.

Ooru, ìgbóná, àti ìwọ̀n ìgbóná

Àwọn olùtumọ̀ kan ń lo ooru fún ohun méjì tí kò bára wọn dọ́gba: ohun tí ń ti ibi kan lọ sí ibòmíràn, àti ipò tí nǹkan wà ní ti gbígbóná tàbí títutù. Ó ṣeni láàánú, nítorí pé Yorùbá fúnra rẹ̀ kò da méjèèjì pọ̀. Ooru ni ó ń mú ènìyàn. Ara ni ó ń gbóná. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé ara òun ooru. Omi lè lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó lè gbóná janjan, ó lè hó, ó sì lè tutù nini. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tò tẹ̀lé ara wọn bí àkàsọ̀, ipò orí àkàsọ̀ náà ni tẹ̀mómítà sì ń fi nọ́ńbà sọ. Nítorí náà ìwọ̀n ìgbóná ni kí á máa pe ohun tí tẹ̀mómítà ń kà, kí á sì fi ooru sílẹ̀ fún ohun tí ń rìn.

Omi híhó inú ṣíbí kan gbóná ju omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ inú garawa lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá da ti ṣíbí sí ara ògiri, ògiri kò ní mọ̀. Bí wọ́n bá da ti garawa sí i, ògiri yóò yá gágá. Garawa ni ó ní ooru jù, ṣíbí ni ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ ga jù. Olùkọ́ tí ó bá fi àpẹẹrẹ yìí bẹ̀rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìṣòro kan kù tí ó wà nínú gírámà èdè fúnra rẹ̀. Bí Yorùbá ti ń sọ pé ooru mú òun, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń sọ pé òtútù mú òun, gẹ́gẹ́ bí ebi àti oorun ti ń pa ènìyàn. Ìhun gbólóhùn yìí sọ òtútù di ẹni tí ń ṣe nǹkan, ó sì ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé fíríìjì ń da òtútù sínú omi. Fíríìjì kò da ohunkóhun sínú omi. Ó ń kó ooru jáde ni. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rọ ń fi òtútù sí ìkòkò yóò kan ìdènà nígbà tí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń gbé ooru láti ìhà kan sí èkejì, èyí tí yóò wáyé níwájú.

Ìdí tí ẹlẹ́mìí tíńtín fi ń ṣe àṣàyàn

Bakitéríà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Escherichia coli, tí ó ń gbé inú ìfun ènìyàn, fẹ́ràn 37°C, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ìgbóná ara ènìyàn. Bí oúnjẹ bá pọ̀, ó lè sọ ara rẹ̀ di méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì fẹ́ nǹkan bí 30°C. Olú-ìbu tí ń mú pẹnisílíìnì jáde fẹ́ nǹkan bí 25°C. Thermus aquaticus, tí Thomas Brock rí nínú omi gbígbóná Yellowstone ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, ń gbádùn ara rẹ̀ ní 70°C, níbi tí àwọn yòókù ti kú tán.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni pé ìhà méjèèjì ìwọ̀n tí ẹ̀dá náà fẹ́ kò rí bákan náà. Bí ìwọ̀n ìgbóná bá ń lọ sílẹ̀, ìdàgbàsókè ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. David Ratkowsky àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi hàn ní 1982 pé bí a bá wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì ìyára ìdàgbàsókè, tí a sì yà á sórí pépà pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbóná, ìlà gbọọrọ ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ sókè kọjá ibi tí ẹ̀dá náà fẹ́, kì í falẹ̀. Ó ń wó ni. Purotéènì inú rẹ̀ ń sọ ìrísí rẹ̀ nù, gẹ́gẹ́ bí funfun ẹyin ti ń dì nínú omi híhó. Nítorí náà àṣìṣe ìwọ̀n mẹ́ta sísàlẹ̀ àti àṣìṣe ìwọ̀n mẹ́ta sókè kì í ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn ìyá tí ó ń ṣe irú mọ èyí láìsí tẹ̀mómítà. Wọ́n a kó pádi igbá tí wọ́n ti sè sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n a fi ewé àti àpò bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ooru tí bakitéríà inú rẹ̀ ń mú jáde a sì máa gbé ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Àpò yẹn kò mú ooru wá. Ó ń dá ooru dúró ni, ìyàtọ̀ náà sì tóbi.

Nígbà mìíràn ìwọ̀n ìgbóná kì í ṣe ilé lásán, àṣẹ ni. Apilẹ̀-àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní cI857, láti ara fáírọ́ọ̀sì tí ń kọ lu bakitéríà. Ní 30°C, purotéènì rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ tí onímọ̀ fẹ́ kí bakitéríà ṣe; ní 42°C purotéènì náà a bàjẹ́, ilẹ̀kùn a ṣí. Nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè kápá ìwọ̀n ìgbóná kò lè kápá iṣẹ́ náà rárá.

Kíkéré kì í ṣe nǹkan kékeré

Ìwọ̀n ìkòkò ń yí gbogbo ìṣòro náà po. Ẹ jẹ́ kí a wo àpótí kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Awọ ara rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà alábala 6, inú rẹ̀ sì gba mililítà 1. Èkejì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, gba lítà 1,000, awọ ara rẹ̀ sì jẹ́ 60,000. Fún mililítà kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú wọn, ti kékeré ní awọ tí ó fi ìlọ́po 100 ju ti ńlá lọ. Awọ ni ooru ń gbà jáde.

Ẹlẹ́mìí tíńtín tí ń lo ọ́síjìn a máa mú nǹkan bí 460 kílójúùlù ooru jáde fún mólì ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan tí ó bá lò. Bí lítà kan wọn bá ń lo ìdámẹ́wàá mólì ní wákàtí kan, ooru tí ń jáde jẹ́ nǹkan bí wáàtì 13. Nínú àgbá lítà 10,000, ìyẹn ti ju wáàtì 120,000 lọ, iṣẹ́ tí ó sì kan àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ níbẹ̀ ni kí wọ́n wá omi tí yóò máa kó ooru náà lọ tọ̀sán tòru. Nínú ìgò mililítà 20, kò ju ìdámẹ́rin wáàtì lọ, kò sì tó láti bá afẹ́fẹ́ yàrá jà. Ìkòkò ńlá ń wá ẹni tí yóò gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀. Kékeré ń wá ẹni tí yóò fún un.

Ooru tí kékeré fẹ́ kò sì pọ̀. Mililítà 20 omi fẹ́ júùlù 84 péré kí ó tó gòkè ní ìwọ̀n kan. Amúgbóná wáàtì 2 yóò ṣe é láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 42 bí kò bá sí àdánù. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó léwu. Ohun tí ó yá gbóná yá kọjá ibi tí wọ́n ní kí ó dúró. Ó sì yá tutù: bí iná bá lọ, ìgò kékeré yóò pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbóná rẹ̀ láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ohun tí ilé àyẹ̀wò ní ìlú tí iná ọba kì í dúró kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ọ̀dọ̀ ta ni àbọ̀ ti ń wá?

Ìtàn ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìwọ̀n ìgbóná fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹyin adìẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Cornelis Drebbel, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba, ṣe ààrò kan tí ń sàba ẹyin. Omi inú fèrè kan a máa wú bí ààrò bá gbóná, a sì ti ojú ihò tí afẹ́fẹ́ iná ń gbà. Ọ̀rọ̀ ìsàba yìí wúlò: àpótí ìsàba ni ó yẹ kí á máa pe àpótí tí àwọn onímọ̀ ń tọ́jú bakitéríà sí, nítorí pé ohun tí adìẹ ń ṣe lórí ẹyin ni ó ń ṣe.

Ní èdè-ìperí, ẹ̀rọ Drebbel ní ohun tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀. Àbọ̀ ni kí á máa pe ìròyìn tí ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó pàṣẹ. Ajábọ̀ ni ohun tí ń mú un wá, tí àwọn kan ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Àfojúsùn ni ìwọ̀n tí onímọ̀ fẹ́. Àlàfo ni ohun tí ó wà láàárín àfojúsùn àti àbọ̀.

Ibi tí ajábọ̀ wà ni gbogbo ẹjọ́. Nínú ìkòkò ńlá, wọ́n lè ti irin tẹ̀mómítà bọ inú omi. Nínú ìgò kékeré, àyè kò sí, ohun gbogbo tí ó bá sì wọlé lè kó ẹlẹ́mìí mìíràn wọlé. Nítorí náà ìta ni ajábọ̀ máa ń dúró sí. Nínú eVOLVER, ó wà lára ìgbálẹ̀ alumíníọ̀mù tí ó yí ìgò ká, ibi kan náà tí amúgbóná wà. Chi.Bio ń ka ìtànṣán ooru tí ń ti ara ìgò jáde láìfọwọ́ kàn án. Ọ̀nà kẹta wà tí ó fa ọkàn mọ́ra: amúgbóná àti ajábọ̀ wà lórí pátákó kan náà lábẹ́ ìgò, ẹ̀rọ a pa amúgbóná fún ìgbà díẹ̀, a wo bí ìgbóná pátákó ti ń lọ sílẹ̀, lára bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó sì ti ń ṣírò bí omi inú ìgò ti gbóná tó.

Ajábọ̀ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò purọ́. Ohun tí ó rí lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá túmọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ sí «ìwọ̀n ìgbóná bakitéríà» ti fi kún un. Nígbà tí amúgbóná bá ń ṣiṣẹ́, irin gbóná ju omi lọ. Ohun tí ìwé gbọ́dọ̀ sọ ni «ìwọ̀n ìgbóná tí ajábọ̀ kà», kí ó sì dárúkọ «ìwọ̀n ìgbóná omi inú ìgò» lọ́tọ̀. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe àléébù.

Kí ni ó ń jẹ́ ìkápá?

Àwọn ìwé kan ń lo ìṣàkóso. Òórùn ọ́fíìsì àti ìpàdé ìgbìmọ̀ ti pọ̀ jù lára ọ̀rọ̀ náà. Ìkápá ni ó dára jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìbéèrè náà wà: ṣé apá ká a àbí apá kò ká a? Àgbékalẹ̀ tí ó rọrùn jù ni kí amúgbóná ṣiṣẹ́ nígbà tí àbọ̀ bá kéré sí àfojúsùn, kí ó sì kú nígbà tí ó bá kọjá a. Irú rẹ̀ ni Andrew Ure, ará Sìkọ́tílàǹdì, gba ìwé àṣẹ fún ní 1830, tí ó fi irin méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ṣe. Ó tó fún áyọ́ọ̀nù. Fún ìgò mililítà 20 kò tó, nítorí pé irin tí ó ti gbóná ṣì ń ta ooru sí omi lẹ́yìn tí iná ti kú, àṣejù a sì tẹ̀lé e.

Ọ̀nà tí ó gbòòrò jù ni èyí tí Nicolas Minorsky ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1922 nígbà tí ó ń wo bí atukọ̀ ti ń darí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rọ a wo bí àlàfo ti tó nísinsìnyí. A ro gbogbo àlàfo tí ó ti kọjá pọ̀, bí olówó ti ń ro gbèsè tí ń gorí ara wọn. A sì wo bí àlàfo ti ń yára dín kù tàbí pọ̀ sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fi ń pinnu iye ooru tí yóò fi ránṣẹ́. Ní 1942, Ziegler àti Nichols kọ ìlànà tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lè fi yan bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ti lágbára tó.

Síbẹ̀, bí ìṣirò ti wù kí ó jinlẹ̀ tó, ẹ̀rọ tí ó ní amúgbóná nìkan kò lè mú ìkòkò tutù ju yàrá tí ó wà lọ. Nínú yàrá tí ó wà ní 21°C, kò sí ẹni tí yóò kíyè sí èyí, nítorí pé àfojúsùn 30°C ṣì wà lókè. Ní Ìbàdàn tàbí Pọ̀tọ̀-Nóòfò, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè kọjá 30°C lọ́sàn-án inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwúkàrà tí àfojúsùn rẹ̀ jẹ́ 30°C yóò máa gbé ní 32 tàbí 33, amúgbóná yóò wà ní kíkú láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹ̀rọ kò sì ní í ké gbàjarè. Ìwé ìlò tí ó bá pe irú rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìkápá ìwọ̀n ìgbóná láìfi kún un pé apá rẹ̀ kò ká ìsàlẹ̀ ti tan ònkàwé Yorùbá jẹ, bí kò tilẹ̀ tan ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún jẹ.

Ohun tí ó lè ṣe méjèèjì ni ẹ̀rọ tí ó dúró lórí àkíyèsí Jean Peltier, ará Faransé, ní 1834: bí iná mànàmáná bá gba ojú ibi tí ohun èlò méjì ti pàdé, ìhà kan a gbóná, èkejì a tutù, bí iná náà bá yí ọ̀nà padà, ooru náà a yí ọ̀nà padà. Agbóoru ni orúkọ tí ó bá a mu, nítorí pé gbígbé ni ó ń gbé ooru. Ooru tí ó gbé kúrò nínú ìgò gbọ́dọ̀ rí ibi sọ̀ sí, ìdí nìyí tí fáànù àti irin onípele fi máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ti gbà pé òtútù ni ẹ̀rọ ń dà sínú omi kò ní mọ ohun tí fáànù yẹn wà fún, ó sì lè bò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ oru omi. Gíráàmù 1 omi tí ó bá di oru ń gba nǹkan bí júùlù 2,400 lọ. Bí ó bá jẹ́ inú ìgò gíráàmù 20 ni ó ti gbà á, tí kò sì sí ohun tí ó dá a padà, ó tó láti mú ìgò náà tutù ní ìwọ̀n 28. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìkòkò fún mímí bakitéríà a máa kó oru bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ inú oúnjẹ a sì máa ki sí i. Nítorí náà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí a máa fi omi rin afẹ́fẹ́ náà kí ó tó wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbin bakitéríà sí ìkòkò tuntun, ó yẹ kí ó rọ omi lásán sínú ìgò náà, iye kan náà tí yóò lò, kí ó ti tẹ̀mómítà tí ó dá lójú bọ inú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí agi ìrofọ́ máa yí, kí ó sì fi ohun tí tẹ̀mómítà sọ wé ohun tí ajábọ̀ sọ ní àfojúsùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ náà ni yóò kọ sára ẹ̀rọ. Nínú ìwé ìlò tí a bá túmọ̀, kí gbólóhùn yìí kà pé «inú omi», kí ó má ṣe kà pé «ara ìgò».